Ọjọ́ Tí Mo Dìde Lórí Bẹ́ńṣì

Èmi kì í ṣe olè. Mo fẹ́ sọ èyí ṣáájú ohun gbogbo, nítorí pé ọdún mẹ́rin ni mo fi wá ẹni tí yóò bá mi sọ ọ́, tí n kò rí. Ìwé kejì ni mo kà mọ ní ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni bí a ti ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀ ojú omi sí orí ilẹ̀, mo sì ṣe é ní wáàfù Àpápá fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá, láti ìgbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé títí kọjá ìparí ogun abẹ́lé.

Ní ọdún kejì lẹ́yìn ogun náà, a wá àwọn páálí sàdíìnì kan tì ní ilé ẹrù tí gáàngì wa, àwa tí a jọ ń gbé ẹrù, ti ń ṣiṣẹ́. Olórí gáàngì gbé ìwé kan wá, ó ní kí a tẹ̀ka sí i láti fi hàn pé a wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn tí wọ́n mọ̀wé kà á, wọ́n sì fọwọ́ sẹ́yìn. Èmi tẹ̀ka. Mo rò pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá fún ìwé. Ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni pé èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹrù fún àwọn olè. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí wọ́n fi dá mi dúró.

Ìlú kan náà ni èmi àti bàbá mi wà, omi ni ó wà láàárín wa. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Bàbá mi wà ní Snake Island, erékùṣù tí ó wà ní òdìkejì, ó ń pa ẹja, òun sì ni ó ń lu agogo fún ìjọ kékeré tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ àjẹ̀ láti etí omi Àpápá yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná.

Ní ìdílé wa, àwọn ará ilé ni ó jọ ni àwọ̀n. Ohun tí àwọ̀n bá mú, a ó dà á jọ sórí iyanrìn, oníkálukú yóò sì mú ìwọ̀n tí ilé rẹ̀ yóò jẹ. Kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí èyí ni bàbá mi ṣe ní òfin kan: ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn olè kàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọ̀n títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rí àbúrò bàbá mi tí ó dúró sí etí omi ní odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan, tí ó ká apá méjèèjì sí àyà, tí àwọn yòókù ń fa àwọ̀n níwájú rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀. Mo sì búra nínú ọkàn mi pé n kò ní tẹ erékùṣù náà títí ìwé tí yóò wẹ̀ mí mọ́ yóò fi tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bí mo bá fẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá mi, ìyá ẹlẹ́ja kan tí ó ń ti erékùṣù wá tajà ní ọjà Boundary ni mo máa ń rán. Mo ní kí ó máa sọ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mo yà sọ́tọ̀ fún ọ́fíìsì tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù ní Àpápá, níbi tí mo ti fi ẹjọ́ mi sùn. Ọjọ́ yòókù, mo ń ru ẹrù fún àwọn ọlọ́jà. Mésẹ́ńjà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà kì í ṣe ènìyàn búburú, ẹnu rẹ̀ ni ó mú.

"Baba, you don come again?"

"Mo ti dé, ọmọ mi."

"Ọ̀gá no dey. Ẹ jókòó. Ó dà bí pé bẹ́ńṣì yìí ti mọ ìdí yín ju ìyàwó yín lọ."

Àwọn tí a jọ ń dúró a rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan wà tí ó máa ń jókòó sí apá òsì mi; ẹrù já lé e lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n sì ní òun ni kò ṣọ́ra. Ó ti ń wá kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Nígbà tí òjò ọdún kẹrin rọ̀, n kò rí i mọ́. Mo gbọ́ pé ó ti kú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ tí ó tẹ̀lé e, ìwé dé pé ìgbìmọ̀ yóò gbọ́ ẹjọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀. Ìyàwó mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ìyá ẹlẹ́ja wọlé.

"Bàbá yín kò lọ sódò mọ́ o. Kò lè lu agogo mọ́. Pásítọ̀ fẹ́ fún wọn ní oúnjẹ Olúwa lọ́la, Bàbá sì ní ẹ̀yin ni kí ẹ wá gbé àwọn jókòó."

"Lọ́la? Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ bá mi sọ pé ọ̀túnla ni mò ń bọ̀."

"Èmi kò ní jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ẹja ni mò ń tà, n kì í ta ọjọ́."

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ. Ìyàwó mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀kùn padé tí ó fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ìgbìmọ̀ lè sún ọjọ́ tiwọn síwájú. Ẹni tí ó ń bọ̀ wá mú Bàbá kì í sún tirẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ kí n fi orúkọ olè wọ ilé bàbá mi ni?"

"Orúkọ tí Bàbá sọ yín ni ẹ ó fi wọlé."

Mo bínú sí i. Ní àárọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo sì gba ọ́fíìsì lọ. Mo ní bí wọ́n bá tètè pè mí, n ó lọ sọ́dọ̀ bàbá mi lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́.

Oòrùn ti ga kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Mésẹ́ńjà jáde, ó sì pe orúkọ àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó tún un pè. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé orúkọ bàbá arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ fífọ́ náà ni.

"Ọmọ mi," ni mo wí, "ẹni yẹn ti kú."

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó yọ kálàmù létí.

"E don die? Ehn, mo kọ ọ́ pé kò wá."

Mo wo àyè tí ó ṣófo ní apá òsì mi. Gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run fún ọkùnrin yẹn lẹ́yìn ìpalára rẹ̀ ni ó kó wá síbí, ohun tí wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ ni pé kò wá. Mo ronú kan bàbá mi lórí ẹní, tí ń retí ọwọ́ tí yóò gbé e jókòó. Mo dìde.

"Baba! Na you be number three o! Where you dey go?"

"Mò ń lọ sọ́dọ̀ bàbá mi. Kọ ọ́ pé n kò wá."

Nígbà tí mo dé erékùṣù, mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, n kò wọlé. Bàbá mi wà lórí ẹní, ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò wọlé?"

"Wọ́n fi ẹ̀sùn olè kàn mí, Bàbá."

"Mo gbọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti gbọ́. Ṣé ìwọ lo gbé e?"

"Èmi kọ́, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ta ni ó wá ní kí o má fọwọ́ kan àwọ̀n?"

"Òfin yín ni."

"Òfin mi!" Ó gbé orí sókè. "O wá fi òfin mi dá ara rẹ lẹ́jọ́ láì bi mí? Àbúrò mi wá síwájú mi kí n tó dá tirẹ̀. Ìwọ kò wá. Sàdíìnì kọ́ lo jí, ọmọ yìí. Ọdún mẹ́rin tèmi lo jí." Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Bọ́ sílé, kí o gbé mi jókòó. O ti mú pásítọ̀ dúró pẹ́."

Mo gbé e jókòó. Ó fẹ́rẹ̀ má wúwo mọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti àyà mi nígbà tí ó ń gba oúnjẹ Olúwa, mo sì ń gbọ́ bí ó ti ń mí.

Olúwa ṣàánú wa. Bàbá mi kò kú ní ọ̀sẹ̀ náà. Láti inú ọyẹ́ yẹn títí tí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀, mo ń wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Mo bá àwọn àbúrò mi fa àwọ̀n. A kó ṣawá, a kó ọ̀bọ̀kún, a sì dà á sórí iyanrìn níwájú rẹ̀. Mo ń fá orí rẹ̀. Ó ń kọ́ mi bí a ti í tún ojú àwọ̀n tí ó ya ṣe, nítorí mo ti gbàgbé, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wáàfù ti ba ìka mi jẹ́. Ó gba àdúrà fún olórí gáàngì. N kò lè ṣe àmín sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, mo ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn mi kò jáde dáadáa. Ọwọ́ mi ni ó wà nígbà tí ó sùn nínú Olúwa.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní mo ti yẹ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, wọ́n sì ti pa fáìlì mi dé. Èyí kò dára. Ìwà ìrẹ́jẹ ni, n kò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn nítorí pé mo jẹ́ onígbàgbọ́. Mo wọ kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajégúnlẹ̀, mo kọ́ ìwé débi pé mo lè fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà sí wọn, láìtẹ̀ka. Mo ń kọ ọ̀kan lóṣooṣù. Mo máa ń mú un lọ fúnra mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó bá kọ́kọ́ yọ nínú oṣù, n ó sì gbé e lé mésẹ́ńjà lọ́wọ́ ní ìdúró. Bí ó bá ní kí n jókòó, n ó ní rárá, o ṣeun. Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti wà lórí omi, mò ń lọ bá àwọn àbúrò mi fa àwọ̀n.