Aláròyé àti Abínú

Ayékòótọ́ kékeré méjì ló wà nílé Bàbá Oníbàtà, Màámà, ìyàwó rẹ̀, ló sì sọ wọ́n lórúkọ. Aláròyé rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó sì mọ ohùn èèyàn sín jẹ. Abínú ní tiẹ̀ ki pọ́pọ́, ìrù rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ pupa. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan sọ, àfi kó máa han. Láti ìgbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ti kú ni kì í ti fẹ́ rí ẹlòmíì nínú kéèjì rẹ̀. Màámà ló mọ ìwà àwọn méjèèjì. Bàbá ò bìkítà, iṣẹ́ bàtà ló mọ̀.

Nígbà tí Màámà kú, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lọ́nà jíjìn. Kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kò sì lè wá sìnkú. Nígbà tára rẹ̀ wá yá, ó pe bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni Aláròyé ṣì ń fi ohùn Màámi sọ̀rọ̀?”

“Àràárọ̀ ni! Bí mo bá gbé fóònù sún mọ́ ọn ló máa ń dákẹ́. Máa bọ̀ wá gbọ́ ọ fúnra rẹ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ ń bọ̀, Bàbá fẹ́ fọ kéèjì Aláròyé kó lè mọ́ tónítóní. Ó gbé e sínú kéèjì Abínú. “Ọmọ ìyá kan náà kúkú ni yín, ẹ fara mọ́ra díẹ̀.” Ẹ wo àgbàlagbà! Ẹni tí kò ní fi awọ ewúrẹ́ dípò awọ màlúù láéláé, òun ló wo ẹyẹ méjì tó ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Oníbàárà kan dé, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti já. Bàbá jókòó, ó fi gáàmù lẹ̀ ẹ́, ó kàn án níṣòó. Nígbà tó fi padà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Aláròyé ti nà gbalaja sílẹ̀ kéèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé, ẹ̀jẹ̀ bo orí rẹ̀. Abínú wà lókè, ó ń nu ẹnu rẹ̀ mọ́ igi. Bàbá bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ọmọ dé lọ́sàn-án, kò tilẹ̀ tíì sọ báàgì kalẹ̀. “Ẹyẹ náà dà, Bàbá?”

“Mo ti pa á, ọmọ mi.” Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ọmọ rọra sọ báàgì kalẹ̀. “Kí ló máa ń sọ?”

“‘Arẹwà mi, ṣé o ti jẹun?’”

“Ẹ sọ ọ́ bí Màámi ṣe máa ń sọ ọ́.”

Bàbá wú ikọ́, ó gbé ohùn sókè, ó fà á gùn díẹ̀. Ohùn ọkùnrin arúgbó ló jáde. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì.

“Ó tó, Bàbá,” ni ọmọ wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́.”