Olúfọlákẹ́ àti Túlípì Tó Doríkodò

Ọdún kọkànlá rèé tí Olúfọlákẹ́ ti ń di ìdì òdòdó ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock nílùú Òyìnbó. Láti Họ́láńdì ni tírélà ti ń kó òdòdó túlípì wá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ṣa èyí tó dára, kó sì ju èyí tó ti ṣẹ́ lọ́rùn sínú garawa ìdọ̀tí. Kó tó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé ní Thames View, ìka rẹ̀ á ti le bí igi. Tiwaladé, ọmọ rẹ̀, ti lọ sí yunifásítì. Adéyanjú, ọkọ Olúfọlákẹ́, ń wa tírélà. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì ń jáde ni.

Dókítà ló ní kó wá nǹkan tí yóò máa fi na ìka. Ló bá ń lọ kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní àdúgbò Goresbrook lọ́sàn-án Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà mìíràn ńṣe ló ń tòògbé níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Catherine, olùkọ́ wọn, fi àwòrán àwọn àwo àtijọ́ ilẹ̀ Họ́láńdì hàn wọ́n, àwo funfun tí wọ́n fi búlúù ya òdòdó sí. Ó ní kí kálukú ti ibẹ̀ ronú ya tirẹ̀.

Olúfọlákẹ́ wò wọ́n títí. Gbogbo túlípì náà nàró ṣánṣán, bí ẹni tó sun oorun àsùnwọra. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ya àwọn tó mọ̀ sára àwo tó fi amọ̀ mọ: àwọn tó doríkodò nínú garawa, tí ewé wọn rọ jọwọlọ.

Catherine béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí wọ́n dúró.

Ó dáhùn pé, "Èyí tó dúró kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi. Èyí tó doríkodò yìí ló máa ń kù sí mi lọ́wọ́."

Nígbà tí wọ́n sun àwo náà nínú iná, ó sán létí. Olúfọlákẹ́ ní kí wọ́n dà á nù. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó banú jẹ́ lọ. Catherine kò gbà. Ó gbé e síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní gbọ̀ngàn àdúgbò, tòun ti sísán rẹ̀.

Ẹnu iṣẹ́ ni Olúfọlákẹ́ wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìpàtẹ náà. Ọjọ́ kejì, tí ìsinmi tọkọtaya náà bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ni wọ́n jọ lọ. Adéyanjú dúró níwájú àwo náà, ó ń wo àwọn òdòdó tó doríkodò náà.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá Tiwaladé, mi ò mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ọ́ tó báyìí."

"Ó ń rẹ̀ mí."

Adéyanjú gba báàgì èjìká ìyàwó rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká tirẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ibùdókọ̀ níta. Bọ́ọ̀sì méjì kọjá, wọn ò dìde.