Jumgalbek àti Ohun Tí Ojú Kì Í Rí

Ọdún kejìlélógún rèé tí Jumgalbek ti ń gun òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí àwọn òkè Naryn, kò sì dúró rí síwájú pátákó, ìyẹn eriali pẹlẹbẹ tó ń fọ́n ìgbì rédíò ká, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Fóònù ọwọ́ kò bà á lẹ́rù, ìgbì rédíò tirẹ̀ kò tó nǹkan. Àmọ́ èyí tó ń tú jáde níwájú pátákó orí òpó, béèyàn bá sún mọ́ ọn jù, ó lè se ẹran ara láìsí iná. Ó máa ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àyà tó máa ń ké bí ìgbì náà bá ti pọ̀ jù. Àwọn ará àfonífojì wa ń pe Jumgalbek ní ojo. Ó máa ń bí mi nínú, torí èmi tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí mò ń bá a pa iná òpó nísàlẹ̀, mọ ohun tó ń bẹ̀rù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìjì tú bóòtù tó di pátákó kan mú mọ́ òpó, pátákó náà sì ń mì. Bó bá já bọ́, kò sí fóònù mọ́ ní gbogbo àfonífojì wa. Iwájú pátákó sì ni bóòtù ọ̀hún wà.

"Pa iná," ni Jumgalbek wí láti orí òpó nínú wọkitọki tó so mọ́ ọrùn.

Mo ti fọwọ́ kan súìṣì nígbà tí Sagyn darandaran já dé lórí ẹṣin.

"Ẹ má pa á o! Ẹ jọ̀ọ́! Ìyàwó mi ń rọbí, ẹsẹ̀ lọmọ fi ń bọ̀! Dókítà ìlú ló ń sọ ibi tí agbẹ̀bí máa fọwọ́ sí fún un lórí fóònù!"

Mo sọ fún Jumgalbek.

"Sagyn tó ń pè mí ní ojo?"

"Òun náà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Sọ fún un kó fara balẹ̀. Ojo ò ní pa á."

Ó yí sẹ́yìn pátákó, ó gbá irin rẹ̀ mọ́ra, ó sì dì í mú nínú ìjì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yọ síwájú, mo ń gbọ́ igbe ẹ̀rọ àyà rẹ̀ nínú wọkitọki. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tó lè se ẹran ara èèyàn ló ń gbé ohùn dókítà kọjá níbẹ̀ yẹn, kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. 

Fóònù Sagyn dún. Igbe ọmọ la gbọ́, lẹ́yìn náà, ohùn ìyá ọmọ náà. Sagyn wó lulẹ̀ sínú yìnyín, ó bú sẹ́kún.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Jumgalbek ń pariwo lókè. "Ẹ dá mi lóhùn!" Igbe ọmọ yẹn ti bá ìgbì gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò gbọ́ nǹkan kan.

Sagyn já wọkitọki gbà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "wọ́n yè. Àwọn méjèèjì."