Kọ Ọ́ Sínú

Ẹni tí kò bá darí akọrin rí ló ń rò pé iṣẹ́ olórí akọrin kò ju kéèyàn dúró níwájú kó máa ju ọwọ́ lọ. Susanna Akínbọ́lá náà rò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó fi í jẹ olórí akọrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama wọn ní Ìgandò. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé òun ni yóò máa ṣí yàrá orin, òun ni yóò máa ṣọ́ aṣọ akọrin kó má baà sọnù, òun náà ni yóò máa fi ẹnu gbé ohùn kí àwọn yòókù tó bá a gbé e, nítorí dùùrù ilé ẹ̀kọ́ ti yadi látìgbà tí eku ti sọ inú rẹ̀ di ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá pẹ́ dé, Susanna ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, tíṣà orin, yóò bínú sí.

"Ìwọ lo ni wọ́n," ni tíṣà máa ń wí. "Èmi ni mo ni ọ́."

Gbogbo ìyẹn kò wúwo. Èyí tó wúwo ni ohun tí Gideon, olórí tó ṣáájú rẹ̀, sọ fún un lọ́jọ́ tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Ẹni tí ohùn ẹ̀ bá ń ṣìnà, a kì í lé e o. Òbí ẹ̀ ti ra aṣọ. Tó o bá lé e pẹ́nrẹ́n, ìyá ẹ̀ á wá fa ọ́fíìsì ya. Ńṣe ni kó o sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́, kó o ní kó kọ ọ́ sínú."

"Kó kọ kí ni sínú?"

"Orin náà ni jàre! Kó máa la ẹnu bí àwọn tó kù, àmọ́ kó má jẹ́ kí ohùn jáde. Gbogbo olórí ló ń ṣe é. Tíṣà mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ láéláé. Iṣẹ́ tìẹ nìyẹn."

Susanna rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, àwàdà ni.

Ọmọbìnrin kan wà nínú akọrin náà tó ń jẹ́ Fẹ́kọ́mi, ọmọ tín-ín-rín tó ní èjí lẹ́nu, tí kò tíì ju kíláàsì kẹta lọ. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ níwájú ilé wọn. Nígbà tí ọrùn àwọn aṣọ akọrin gbó, ìyá yìí ló rán ọrùn aláwọ̀ àlùkò tuntun sí gbogbo wọn, kò sì gba kọ́bọ̀. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ mi rí orin kọ," ló wí.

Fẹ́kọ́mi fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, kí àwọn yòókù tó wọlé, á ti gbálẹ̀, á ti to bẹ́ǹṣì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orin kò fẹ́ràn òun náà tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ohùn gba ọ̀nà títì, tirẹ̀ á yà gba inú igbó, á sì máa lọ tayọ̀tayọ̀. Ohùn náà kò sì kéré rárá. Irú ohùn tí Ọlọ́run ń fún ọmọ kó lè fi pe ìyá rẹ̀ láti òdìkejì ọjà ni.

Nígbà tí ìdíje akọrin tí wọ́n fẹ́ ṣe ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá kù sí dẹ̀dẹ̀, tíṣà dá orin dúró láàárín ìdánrawò.

"Susanna, ta ni mò ń gbọ́ yẹn?"

"Mo ti gbọ́ ọ, sà."

"Máa gbọ́ o. Àwọn adájọ́ náà ní etí."

Sáàmù tó ní kí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí yin Olúwa ni wọ́n ń kọ. Kò sí ibi tí sáàmù náà ti sọ pé àwọn tí ohùn wọn gún nìkan ni kó yìn ín. Ṣùgbọ́n ife ẹ̀yẹ wà nílẹ̀. Susanna pe Fẹ́kọ́mi sábẹ́ igi fúrúùtù.

"Síníọ̀ Susanna, ṣé mo pẹ́ dé ni?"

"Rárá o. Lọ́jọ́ ìdíje, Fẹ́kọ́mi, kọ ọ́ sínú."

"Sínú ibo?"

"Máa la ẹnu ẹ, má jẹ́ kí ohùn jáde. Ó ń fa ohùn àwọn yòókù lọ síbi tí kò yẹ."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó wo bàtà rẹ̀ títí.

"Ṣé láti ìgbà tí mo ti wọ kúáyà ló ti ń fà á?"

"Díẹ̀ ṣá."

"Ó dáa, Síníọ̀. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi."

Ọpẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ gún Susanna láyà.

Wọ́n gba ipò kìíní. Orin náà mọ́ gaara bí omi inú ìkòkò tuntun. Susanna gbé ife ẹ̀yẹ dání, gbogbo wọn ń fò sókè, ni ìyá Fẹ́kọ́mi bá la àárín èrò kọjá, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Fẹ́kọ́mi! Mo gbọ́ ẹ! Láàárín gbogbo wọn, mo dá ohùn ẹ mọ̀! Mo tiẹ̀ sọ fún ìyá tó jókòó tì mí, mo ní ọmọ tèmi nìyẹn tó ń dún bí agogo yẹn! Àbí ìwọ kọ́?"

Fẹ́kọ́mi wo ìyá rẹ̀. Ó wo Susanna. Ife ẹ̀yẹ wúwo lọ́wọ́ Susanna lójijì.

"Ẹ̀n, Mọ́mì," ni Fẹ́kọ́mi wí. "Èmi ni."

Láti ọjọ́ náà ni Fẹ́kọ́mi kò ti kọrin mọ́. Ó ń wá sí ìdánrawò, ó ń gbálẹ̀, ó ń to bẹ́ǹṣì, ètè rẹ̀ ń lọ déédéé pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Àmọ́ kò sí nǹkan kan nídìí ètè náà. Inú tíṣà dùn. Susanna ni kò rí oorun sùn. Ó tún pè é sábẹ́ igi ọjọ́sí.

"Fẹ́kọ́mi, mo bẹ̀ ẹ́, dárí jì mí. Ìdíje ti kọjá lọ. Kọ ọ́ síta. Bó bá ṣìnà, kó ṣìnà."

Fẹ́kọ́mi la ẹnu. Atẹ́gùn lásán ló jáde.

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀ nílé, Síníọ̀. Tí mo bá ti fẹ́ jẹ́ kó jáde, ẹ̀yin ni mo máa ń gbọ́."

Nígbà tí Susanna kó àwọn aṣọ akọrin lọ fún àtúnṣe, ìyá Fẹ́kọ́mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí màṣíìnì, ó fa àpótí fún un kó jókòó.

"Susanna ọmọ mi, ìwọ tó o jẹ́ ọ̀gá wọn, ṣé nǹkan kan ṣe Fẹ́kọ́mi nílé ìwé ni? Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń ránṣọ, á máa fi orin dí mi létí títí màá fi ní kó panu mọ́, orí ń fọ́ mi. Ní báyìí, màṣíìnì yìí nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nílé. Ó ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń dun òun. Mo ti ra oyin, mo ti fún un ní orógbó jẹ. Bá mi wò ó o. Ìwọ ṣáà lò ń gbé ohùn fún wọn."

Ìjẹ́wọ́ dé ẹnu Susanna. Ó rántí bí ojú obìnrin yìí ṣe tàn lọ́jọ́ ìdíje, ó sì gbé e mì.

"Ẹ̀n, Mà," ló wí. "Màá wò ó."

Ọjọ́ ìsìn ìdágbére àwọn tó ń jáde ni Susanna darí akọrin kẹ́yìn. Sáàmù ọjọ́sí ni wọ́n tún fẹ́ kọ. Ó fa Fẹ́kọ́mi jáde láti ìlà ẹ̀yìn, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ó gbé ohùn sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó lè rọ ọmọ náà lọ́rùn. Tíṣà fa ojú ro. Susanna kò wò ó. Bí orin ṣe ń lọ, ó dẹ etí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń gbàdúrà nínú ọkàn: Olúwa, kó ṣáà ṣìnà. Kó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ètè Fẹ́kọ́mi kò pàdánù ọ̀rọ̀ kan. Ohùn kò jáde.

Láàárín àwọn òbí, Susanna rí ìyá Fẹ́kọ́mi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, kò sì bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n pè láti ọ̀nà jíjìn, ó ń wá ohùn kan láàárín àwọn ohùn. Orin parí, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó ṣì tẹ orí síbẹ̀, ó ń wá a.