Bí Wọ́n Ṣe Fi Ẹ̀bẹ̀ Pa Ẹjọ́ Mi

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Ẹdẹ, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá ṣàlàyé àpíìlì fún mi. Mo mọ̀ ọ́n. Kóòtù dá ẹjọ́, ẹjọ́ náà ò tẹ́ ọ lọ́rùn, o dìde, o gbé e lọ síwájú àwọn adájọ́ tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, o ní kí wọ́n bá ọ tún un wò. Ó tán. Kò sí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, kò sí “ẹ dákun, ẹ forí jì mí”. Ẹ̀tọ́ ẹni ni. Kìkì pé òfin dá ọjọ́ sí i, bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, o ti pẹ́ nìyẹn. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí wọ́n tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbà á náà.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin mi nígbà tí èmi àti bàbá rẹ̀ kọ ara wa ní kóòtù ìbílẹ̀. Ti ọkọ ò dùn mí. Kó máa lọ, ọ̀nà ò dí. Ìyá ẹ̀ ló dìde níwájú kóòtù, ó wé gèlè funfun bí ẹni tó fẹ́ lọ gba oúnjẹ Olúwa, ó ní yàrá kan ṣoṣo ni mò ń gbé, ó ní ilé tòun ní Sẹ́kọ́nà fẹ̀, ó ní aládùúgbò ló ń bá mi wo ọmọ tí mo bá ti lọ síléèwé. Kò parọ́. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, ohun tó sì ń bí mi nínú jù nìyẹn. Wọ́n ní kí ọmọ máa lọ bá ìyá àgbà. Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó fà á kọjá níwájú mi, ó ní, “Máa lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.”

Mo bá lọ́yà kan ní Òṣogbo. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, “Ìyá ọmọ tí ò mutí, tí ò jalè, tó níṣẹ́ lọ́wọ́? Ẹjọ́ yìí á yí, mà. Ẹ ṣáà jẹ́ ká tètè gbé e lọ kí ọjọ́ tó kọjá.” Mo padà délé, mo sọ fún bàbá mi. Díákónì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnu wọn ò sì lè pa nǹkan mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àna mi ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹlẹ́bẹ̀ dé. Àwọn àgbà ilé ọkọ mi ni, bàbá olórí wọn, tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì ilé wa. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ní ká má gbé e síwájú mọ́, àwọn á yanjú ẹ̀ nínú ilé, ọmọ á padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Bàbá mi ní, “Ẹ dìde, ẹ dìde. A ti gbọ́.” Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn ìyá ìjọ ló wá, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sunkún. Lẹ́yìn wọn, àbúrò bàbá ọkọ mi gbé iṣu wá láti ìlú Ara.

Mo ní, “Bàbá, ọjọ́ ń lọ o!”

Wọ́n ní, “Ọjọ́ wo? Àwọn àgbà ṣì ń bẹ̀ ọ́, o fẹ́ gba ẹ̀yìn wọn lọ kóòtù? Ta ló kọ́ ọ?”

“Òfin ò mọ̀ pé wọ́n ń bẹ̀ mí.”

“Panu ẹ mọ́. Ìwé ti dà ọ́ lórí rú.”

Mo panu mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bẹ̀ tí ò gbà, òun ló dìkà, bó tiẹ̀ jẹ́ òun gan-an ni wọ́n ṣẹ̀. Bàbá mi ò lè gbé orúkọ yẹn dání wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ tí òfin dá pé ní Fúráídè kan. Sọ́ńdè, bàbá mi ra mínírà sílẹ̀ de àwọn ẹlẹ́bẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò yọjú. A tún retí wọn lọ́sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni. Mo wọ mọ́tò, ó di Sẹ́kọ́nà. Ìyá ọkọ mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀pà.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ilé, mà. Àwọn tí ẹ rán wá bẹ̀ wá, a ò rí wọn mọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀bẹ̀ ti tán. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo ní lọ́yà ni? Tiwa ló ní ká bẹ̀ yín dáadáa títí ọjọ́ á fi kọjá.” Ó sọ ẹ̀pà sẹ́nu. “Ó mà ti kọjá.”

Háà! Ọwọ́ ń yún mi. Orí ló kó o yọ lọ́jọ́ yẹn, tàbí kí n ní orí tèmi. Mo délé, mo sọ ọ́ fún bàbá mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Lọ́yà mi ní a ṣì lè tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù láti gbé e lọ bí a tilẹ̀ ti pẹ́. A tọrọ ẹ̀, wọ́n fún wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún wa, kí wọ́n tó pe ẹjọ́, kí wọ́n tó sún un síwájú, kí wọ́n tún tó sún un, ọdún ti gorí ọdún. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ Sẹ́kọ́nà lọ wo ọmọ, wọ́n á ní ó ń sùn, wọ́n á ní ó lọ sódò. Mo máa ń dúró sójúde, mo máa ń pariwo, mi ò purọ́. Ohùn mi nìkan ni ọmọ ń gbọ́ nínú ilé.

Nígbà tí ẹjọ́ wá jókòó ní Òṣogbo, adájọ́ ní kí wọ́n mú ọmọ wọlé wá, òun fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ó ti ga. Wọ́n di irun ẹ̀ ní ṣùkú, ó sì kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Adájọ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé ta nìyí.

Ó ní, “Obìnrin tó máa ń wá bá Màámi jà ni.”

Ìyá àgbà ẹ̀ ni Màámi.

Adájọ́ bi í bóyá ó fẹ́ bá mi lọ sílé. Ojú ọmọ yí padà. Ó sáré lọ di aṣọ ìyá ọkọ mi mú, ó ń ké tòò, “Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má gbé mi fún wọn! Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́!” Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà á nígbàkígbà tó bá ṣẹ̀ wọ́n. Èmi ni.

Lọ́yà mi tẹ̀ síbi etí mi, ó ní bí ibí bá kọ̀, kóòtù kan ṣì wà tó ju ibí lọ, ọjọ́ á sì wà nílẹ̀ dáadáa.

Mo ní kó jókòó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ máa bá Màámi ẹ̀ lọ sílé.