Òkúta Wẹ́wẹ́ Ẹ̀yìn Ilé Wa

Yàrá tó gbẹ̀yìn pátápátá ni tèmi àti ọkọ mi nílé kan ní Bàrígà, létí kánààlì tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà. Ìjọba ológun ti dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bí yàrá yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ wa, a ò níbi tá a máa lọ. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún ni omi ń jẹ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Sìmẹ́ńtì wọ́n gógó, òkúta lásán la tò síbi tí omi ti ń yà: ńláńlá níta, wẹ́wẹ́ láàárín wọn. Mo rò pé òjò àkọ́kọ́ ló máa gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Rárá o! Bí òjò bá ti dá báyìí, màá ti sáré lọ wò ó. Àwọn ará ilé á ní, "Ìyàwó, ṣé òkúta ẹ jí're?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Èmi rí i pé àwọn òkúta náà ń mira díẹ̀, wọ́n á sì tún jókòó dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló dì wọ́n mú? Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sinmi.

Nígbà tó di Sátidé ìmọ́tótó, bàbá onílé, tó bẹ̀rù wolé-wolé ju ikú lọ, ní ká gbá etí kánààlì mọ́ tónítóní. Ni wọ́n bá ń ṣa wẹ́wẹ́ kúrò láàárín ńlá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́."

"Ìyàwó, ìdọ̀tí lo wá ń pòwe fún?"

Wolé-wolé dé, ó yìn wá. Inú bí mi, mi ò jẹun ọ̀sán.

Òjò tó tẹ̀ lé e, mo wà lójú fèrèsé. Òkúta ńlá kan yí. Ìkejì tẹ̀ lé e. Ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn yàrá wa ya lulẹ̀ sínú omi. Yéè! Mo figbe ta. Kí n tó dé ìta, Bàbá fúnra wọn ti wà nínú omi, wọ́n ń pariwo, "Wẹ́wẹ́ dà? Ẹ kó wẹ́wẹ́ wá!"

Wẹ́wẹ́ ṣì wà létí títì níbi tá a kó o jọ sí de ọkọ̀ akólẹ̀ ìjọba. Korobá la fi kó o padà, Bàbá ń kì í bọ àárín àwọn ńlá títí wọ́n fi dúró. Yàrá wa ò wó.

Láti ọjọ́ tí ìjọba yẹn ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi ni mo ti ń ṣépè fún wọn. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọn ò ṣiṣẹ́ wọn.