Elégédé Inú Ọ̀rá

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin kò lè rí ìhòòhò ohunkóhun kó dákẹ́. Ogójì ọdún ló fi ránṣọ, ènìyàn nìkan kò sì tó o wọ̀ láṣọ: rédíò rẹ̀ ní ẹ̀wù, kẹ́tù tíì rẹ̀ ní fìlà, ọ̀rá tí wọ́n fi wé àga láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fọgbọ́n jókòó sí i kí ọ̀rá má pariwo. Ìyá Ìbora ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Nítorí náà, nígbà tí oòrùn jó elégédé tó gbìn sẹ́yìnkùlé, tí etí ewé rẹ̀ ká kò, tí ìtàkùn rẹ̀ sì di aràrá, ó ra ọ̀rá kan tí ẹni tó tà á búra pé kì í jẹ́ kí ìtànṣán burúkú inú oòrùn wọlé. Ó rán an bí ilé, ó fi igi gbé e dúró, ó sì kan bọ́tìnì sẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ́tìnì?" Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì ni; ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mọ́tò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ti kú síta gbangba, ẹ̀yìnkùlé yẹn ló sì fẹ́ gbé e sí kó sinmi. "Ìyàwó, ṣé elégédé fẹ́ lọ sóde ni?"

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín. Bí ẹyọ kan ò bá so kóṣù yìí tó parí, ẹ gbé òkú mọ́tò yín wọ ẹ̀yìnkùlé."

"O ti sọ ọ́ o! Ògiri gbọ́."

Elégédé náà gbọ́, ó sì ya wèrè. Ó gùn, ó rọ̀ bí òwú, ó na ọwọ́ gba abẹ́ ọ̀rá jáde, ó gba fèrèsé wọ yàrá ìránṣọ, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Òdòdó tú yẹ́ẹ́. Èso ńkọ́? Èso kékeré bí ọmọ ìka á yọ nídìí òdòdó, á pọ́n, á já bọ́. Oṣù ku ọjọ́ mọ́kànlá. Baálé ilé ti mú tépù ìyàwó rẹ̀, ó ń wọn ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá Ìbora bá ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ kan, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìyẹn wọ inú ilé ọ̀rá náà, ó gbójú sókè: oyin méjì tó ṣèèṣì wọlé ń forí sọ òrùlé bí ọ̀mùtí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tójú wa ò rí, tójú oyin ń rí. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀nà, òun ló sì ń fi àmì oúnjẹ hàn wọ́n lára òdòdó. Ọ̀rá yín ti sé e mọ́ta."

"Ṣé kì í ṣòun ló jó ewé mi ni?"

"Òun náà ni. Àṣejù rẹ̀ ló burú. Tó bá pọ̀ jù, ewé á jó, ìtàkùn á di aràrá. Tí ò bá sí rárá, á gùn gbọọrọ láìlágbára, oyin á sì ṣìnà. Ẹ ṣí i láàárọ̀."

"Kí elégédé mi wà níhòòhò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń wọ ẹ̀wù òjò lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀?"

Òdòdó elégédé kì í là pẹ́; kó tó di ọ̀sán, á ti padé. Ìdájí ọjọ́ kejì ni Ìyá Ìbora ti ń tú bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dijú bí ẹni ń bọ́ṣọ lára àlejò. Kí oòrùn tó ga, oyin ti dé, wọ́n ń kùn, lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti kun gbogbo ara wọn, wọ́n ń ti inú òdòdó akọ bọ́ sínú abo. Lọ́sàn-án, á tún bo elégédé rẹ̀, kí oòrùn lè máa mọ́ ewé lára díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ tóṣù parí, ó ké sọ́kọ rẹ̀: "Ẹ mú tépù yẹn bọ̀!"

Ọkọ fi wé ìbàdí elégédé kan. "Íńṣì méjìlélógún."

"Ẹ tún un sọ, kí ògiri lè gbọ́."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ewé kò fẹ́ ẹ̀wù mọ́, ọ̀rá sì wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ń yún aránṣọ. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, òkú mọ́tò dúró síta gbangba nínú ẹ̀wù tuntun, ó ní kọ́là, bọ́tìnì tò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì ń yí i ká, ọwọ́ lẹ́yìn.

"Ó bá a mu," ló wí. "Àmọ́ ó fún un díẹ̀ lápá."